Sírọ́ọ̀pù maple láti ẹ̀yìnkùlé: ẹ ka iná yín kí ẹ tó lu igi

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ oje igi maple wò lójú igi lè rò pé wọ́n ń tan òun ni. Ó mọ́ gaara, ó tutù, adùn rẹ̀ sì fara pamọ́ débi pé ahọ́n ní láti wá a. Ṣúgà inú rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìyókù. Sírọ́ọ̀pù tó wà nínú ìgò lórí àtẹ, ṣúgà tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 2 dé 67 yẹn, kò sí ohun tí a fi kún un. Omi la lé lọ. Nǹkan bí 40 lítà oje ló ń di lítà 1 sírọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé 39 lítà gbọ́dọ̀ gba ojú iná bá afẹ́fẹ́ lọ kí ẹ tó rí nǹkan dà sórí búrẹ́dì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kó má tíì ka igi, iná ni kó kọ́kọ́ kà. Àwo irin fífẹ̀ tó tẹ́jú, lórí iná tó ń jó dáadáa, máa ń lé nǹkan bí lítà 2 sí 4 omi lọ ní wákàtí kan, fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó. Ká ní àwo yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, méjì ní gígùn, lítà 4 sí 8 ni wákàtí kan máa gbé lọ. Ihò kan tí a lu sára igi lè sun lítà 4 lọ́jọ́ tó dára, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀. Ihò 5 á jẹ́ lítà 20, iṣẹ́ bíi wákàtí 3 sí 5. Ihò 20 á jẹ́ lítà 80 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ò sì ní rí oorun sùn. Ihò 4 tàbí 5 tó fún ọdún àkọ́kọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìgbà oje, ihò kan máa ń mú nǹkan bíi lítà 40 wá, nítorí náà ẹ ka lítà 1 sírọ́ọ̀pù sí ihò kan. Bí ẹ bá rí jù bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀

Àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ìlà-oòrùn Kánádà ni: Vermont, New York, Maine, Ontario, àti Quebec tó ń ṣe ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sírọ́ọ̀pù maple gbogbo ayé. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, Vermont ló ń ṣíwájú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Abenaki, Haudenosaunee àti Anishinaabe, ti ń se oje yìí kí àwọn òyìnbó tó dé, wọ́n sì máa ń sè é kọjá sírọ́ọ̀pù títí á fi di ṣúgà gbígbẹ tó ṣeé tọ́jú, tó sì ṣeé gbé rìnrìn àjò.

Ọ̀rọ̀ ẹrú náà wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1791, dókítà kan ní Philadelphia, Benjamin Rush, kọ lẹ́tà gígùn nípa igi yìí sí Thomas Jefferson, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Ohun tí Rush àti àwọn ọmọ ìjọ Quaker tó ń bá òwò ẹrú jà ń sọ ni pé bí ará Amẹ́ríkà bá lè rí ṣúgà lára igi maple, kò ní sí ìdí láti máa ra ṣúgà ìrèké tí àwọn ẹrú ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ní erékùṣù Caribbean. Jefferson, tí òun náà ní ẹrú, gbin igi maple sí Monticello, ilẹ̀ rẹ̀ ní Virginia, ṣùgbọ́n oko náà kò yọrí sí rere. Nígbà tí ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e fi dé, ìrèké ṣì ni ọba, inú oko rẹ̀ ní Kúbà sì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú bá ara wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lucumí. Mi ò lè mú ìgò sírọ́ọ̀pù kí n má rántí èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sídìí igi.

Ìgbà tí oje ń sun

Ojú ọjọ́ ni ọ̀gá níbí. Ohun tí ẹ ń wá ni alẹ́ tí omi ń dì àti ọ̀sán tó ń yọ́ ọ: òru bíi 4 sí 7 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, ọ̀sán bíi 4 sí 8 lókè òdo. Nígbà tí òtútù bá mú lóru, afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn fọ́nrán igi á sún kì, omi inú igi á máa dì, èyí á sì fa omi sókè láti gbòǹgbò. Bí oòrùn bá yọ, omi dídì náà á yọ́, afẹ́fẹ́ á tún fẹ̀, á wá máa ti oje. Bí oje náà bá rí ihò, ibẹ̀ ló máa gbà jáde. Bí òtútù bá mú tọ̀sán-tòru, kò ní sun. Bí ooru bá mú tọ̀sán-tòru, kò ní pẹ́ dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu kò fi lè ṣe é, bó tilẹ̀ rí irúgbìn maple gbìn.

Ní Vermont àti agbègbè rẹ̀, ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sí gúúsù ló ń yá sí i. Ẹ má ṣe kánjú lu igi nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí oòrùn ràn nínú oṣù kìíní. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti lu ihò ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń wọ inú rẹ̀, tí igi náà sì ń gbìyànjú láti dí i. Ẹ wo bí ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa rí. Bí òru dídì àti ọ̀sán yíyọ́ bá tò lé ara wọn níbẹ̀, ẹ mú dírìlì jáde.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ adẹ́mu á rí ohun tó jọ ọ́ níbí, á sì rí ìyàtọ̀. Adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹsẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ẹmu bẹ̀rẹ̀ sí í kan kó tó dé ilẹ̀. Oje maple á dúró de yín fún ọjọ́ mélòó kan, bí òtútù bá ṣì wà.

Ẹ mọ igi yín kí ewé tó rẹ̀

Ẹ ṣe èyí nígbà tí ewé ṣì wà lórí igi, kí ẹ so ọ̀já mọ́ igi tí ẹ bá yàn. Nígbà òtútù, gbogbo igi á ti wà níhòòhò, ẹ̀yin náà á sì máa méfò. Igi tí a fẹ́ jù ni sugar maple. Ewé rẹ̀ ní orí ṣóńṣó márùn-ún, etí rẹ̀ dán, àárín orí kan sí èkejì sì rí kọdọrọ. Irú ewé tó wà lórí àsíá Kánádà láti 1965 ni. Red maple ní etí gbígún bí eyín ayùn, àárín orí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Silver maple, ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀ funfun bíi fàdákà. Gbogbo wọn ló ń fúnni lóje tó ṣeé sè, àmọ́ ṣúgà inú ti sugar maple pọ̀ jù, red àti silver sì máa ń tètè rúwé, ìyẹn ni pé ìgbà oje tiwọn tètè ń parí. Bí ẹ bá já ewé kan tí omi funfun bíi wàrà sun ní ìdí ọ̀pá rẹ̀, Norway maple ni, tí wọ́n gbìn káàkiri etí títì. Ó ṣeé lò bí kò bá sí òmíràn.

Bí ewé bá ti rẹ̀, ẹ wo ẹ̀ka. Ẹ̀ka maple ń yọ ní méjì-méjì, ọ̀kan dojú kọ èkejì. Ìrudi sugar maple rí ṣóńṣó, ó sì ní àwọ̀ ilẹ̀. Ti red maple pupa, ó sì rí roboto. Ẹ má gbára lé ẹ̀ka nìkan, nítorí igi ash, tí kì í ṣe maple, náà ń yọ ẹ̀ka ní méjì-méjì.

Igi náà gbọ́dọ̀ ti dàgbà. Ẹ fi okùn yí i ká níbi tó bá àyà yín: bí okùn náà kò bá tó nǹkan bíi mítà 1, ẹ fi í sílẹ̀ kó dàgbà. Mítà 1 gba ihò kan. Bó bá kọjá mítà 1 àtààbọ̀, ó gba méjì. Àwọn kan ń lu mẹ́ta sí igi ńlá. Mi ò rí ìdí rẹ̀. Igi tó ń ṣàìsàn, tí òkè rẹ̀ ti ń gbẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí igi bá sì jẹ́ ti ìjọba, ti ọgbà ìgbafẹ́ tàbí ti onílé tí ẹ háyà ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó lu ohunkóhun.

Ohun èlò

Dírìlì kan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìlu tó jẹ́ 5/16 ínǹṣì, nǹkan bíi mìlímítà 8. Spile, irin tàbí ike kékeré oníhò tí oje ń gba inú rẹ̀ sun, kó bá ìwọ̀n abẹ́rẹ́ yẹn mu. Korobá tó ní ìdérí, kí òjò, yìnyín àti kòkòrò má bàa wọ inú rẹ̀. Àgbá ike ńlá tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tí ẹ máa kó oje pa mọ́ sí. Àwo fífẹ̀ tí kì í dípẹtà, ìkòkò kan tó ga, tẹmọ́mítà tó ń ka 110°C dáadáa, aṣọ asẹ́, àti ìgò.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra ni korobá àti àwo àtijọ́. Ẹwà wọn wà lójú, àwọn ará abúlé sì ń tà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi òjé jó pọ̀, òjé sì jẹ́ májèlé. Bí ẹ bá ń sè nǹkan di ìdá kan nínú ogójì, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ń kó májèlé inú rẹ̀ jọ. Ike tó ti gbé kẹ́míkà tàbí epo rí náà kò wúlò fún èyí, ẹ ì báà fọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó.

Lílu igi

Ẹ dúró de ọ̀sán tí igi ti yọ́. Bí ẹ bá lu igi tó dì, ó lè là. Ẹ wẹ abẹ́rẹ́ dírìlì mọ́. Ẹ yan ibi tó ga tó ìbàdí yín, tí èèpo rẹ̀ dá ṣáṣá, ní òkè gbòǹgbò ńlá kan tàbí lábẹ́ ẹ̀ka ńlá kan. Bí igi náà bá ní ihò àtijọ́, ẹ jìnnà sí i, ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti 60 bó bá jẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí igi tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ihò àtijọ́ ti kú sínú, kò sì ní sun.

Ẹ lẹ téèpù mọ́ abẹ́rẹ́ náà ní sẹ̀ńtímítà 4 sí 5, kí ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ihò náà lè dagun wá síta, kí oje má bàa dúró sínú. Ẹ lu ú tààrà, ẹ fà á jáde tààrà, ẹ má yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ wo ẹ̀rún igi tó jáde. Bó bá funfun tàbí ó ní àwọ̀ ọ̀rá wàrà, ẹ ti rí ibi tó yè. Bó bá dúdú tàbí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, igi inú ibẹ̀ ti kú, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ihò náà. Kòkòrò ẹnu yín lẹ máa fẹ́ sínú rẹ̀.

Ẹ fi spile sí i, kí ẹ fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́. Ìró rẹ̀ á yí padà nígbà tó bá ti jókòó. Ẹ dúró níbẹ̀. Tí ẹ bá gbá a kọjá ìyẹn, igi á là, oje á máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ gbé korobá kọ́, ẹ dé e. Bí ọjọ́ náà bá dára, ẹ máa gbọ́ tí oje ń kán sí ìsàlẹ̀ korobá kí ẹ tó kúrò nídìí igi.

Kíkó oje jọ

Ojoojúmọ́ ni. Ẹ da oje náà gba inú aṣọ mímọ́ kọjá kí ìdọ̀tí àti kòkòrò tó kú sínú rẹ̀ dúró sẹ́yìn. Oje gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Èyí tó bá ti funfun ràkọ̀ràkọ̀, tó ń yọ̀, tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù. Ẹ tọ́jú ìyókù sí ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 3°C lọ, ẹ má sì jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sè é. Ẹni tí kò ní fíríìjì tó gba àgbá lè ri í mọ́ inú yìnyín ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí oòrùn kì í dé.

Ní òwúrọ̀ kan ẹ lè bá omi dídì lórí oje nínú korobá. Ẹ gbé omi dídì náà sọnù. Omi ló ń kọ́kọ́ dì, ṣúgà á ṣẹ́ kù sínú èyí tí kò dì, nítorí náà òtútù ti bá yín ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ iná. Ṣúgà díẹ̀ á bá a lọ lóòótọ́, àmọ́ igi ìdáná tí ẹ máa rí fi pa mọ́ ju ìyẹn lọ.

Sísè: ìta gbangba ni

Ẹ má gbìyànjú láti se lítà 20 oje nínú ilé. Omi náà kò ní parẹ́. Ara ògiri àti òrùlé ló máa lọ dì mọ́, bébà ògiri á máa ṣí, gbogbo ilé á sì máa lẹ̀. Ìta ni kí ẹ lọ. Ààrò tí mo fara mọ́ jù ni búlọ́ọ̀kù tí a tò yí ká níhà mẹ́ta, kí àwo jókòó sórí rẹ̀ kó bo gbogbo ẹnu rẹ̀, kí ihà kẹrin ṣí sílẹ̀ fún igi. Ẹ fi páìpù irin kan sí ẹ̀yìn kí èéfín máa gba ibẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sírọ́ọ̀pù yín á máa rùn èéfín. Sítóòfù gáàsì ìta náà ṣeé lò, ó tiẹ̀ rọrùn jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: owó gáàsì lè ju owó tẹ́ ẹ bá fi ra sírọ́ọ̀pù ní ọjà lọ. Igi gbígbẹ tí a là wẹ́wẹ́, kó má ju ọrùn ọwọ́ lọ, ló ń mú iná gbóná. Igi tútù ń fi ooru rẹ̀ gbẹ ara rẹ̀ ni.

Ẹ da oje sínú àwo kó jìn tó sẹ̀ńtímítà 5 ó kéré tán, kí ẹ tó dá iná sí i. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ méjì lẹ ní: kí iná má rẹ̀, kí oje má lọ sílẹ̀ jù. Àwo tó bá gbẹ lórí iná igi á jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí bọ́tìnì kankan tí ẹ máa tẹ̀ láti pa iná igi. Ẹ má jẹ́ kí oje inú rẹ̀ jìn dín sí sẹ̀ńtímítà 4. Ẹ gbé ìkòkò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kí oje tí ẹ máa fi kún un ti gbóná, kí ẹ sì máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da oje tútù púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, híhó á dúró, ìdajì wákàtí lẹ sì pàdánù.

Ìfófò á wà. Ẹ fi ṣíbí oníhò yọ ọ́ kúrò. Bó bá fẹ́ ru kọjá etí àwo, bọ́tà tí kò ju èékánná lọ á mú un balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyàlẹ́nu ló máa jẹ́ fún ẹni tí kò bá rí i rí. Iṣẹ́ ọjọ́ gígùn ni, ẹ wá àga, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ lè jọ máa tàkúrọ̀sọ, ẹ má sì fi ọmọdé sílẹ̀ nítòsí.

Nígbà tó bá yá, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ wúrà, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ẹ máa fi tẹmọ́mítà wò ó. Bí ooru rẹ̀ bá ti fi nǹkan bí 1°C sí 2°C ju ti omi híhó lọ, tí ohun tó kù nínú àwo kò sì tó láti dáàbò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ gbé e kúrò. Ẹ ti ní láti mọ bí ẹ ṣe máa gbé e kó tó tó àsìkò yẹn: ènìyàn méjì, ìbọ̀wọ́ aláwọ, ọ̀nà tó dá ṣáká, àti ìkòkò gíga tó ti wà ní sẹpẹ́. Ṣúgà gbígbóná ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń jó jù omi lọ.

Ìparí rẹ̀ nínú ilé ìdáná

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, nítorí ẹni tó ti jókòó ti iná láti àárọ̀ ti rẹ̀, ó sì rò pé ó ti parí. Oje tó gba odindi wákàtí kó tó yí àwọ̀ padà lè ti orí sírọ́ọ̀pù kọjá sí ṣúgà jíjó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ dín iná kù. Ẹ dúró tì í. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ ga ní ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ó máa ru.

Ohun tí ẹ ń wá ni ooru tó fi 4°C ju ti omi híhó lọ. Ní etí òkun, omi ń hó ní 100°C, nítorí náà 104°C ni. Àmọ́ ní orí òkè, omi ń hó kí ó tó dé 100, ojú ọjọ́ náà sì ń yí i padà láti ọjọ́ kan sí èkejì. Ẹ se omi lásán lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi tẹmọ́mítà kan náà wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá fi 4 kún un. Ẹ̀tàn tó wà nínú tẹmọ́mítà yín, bó bá ní, á bọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Ṣíbí náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ bu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàn padà láti etí ṣíbí: omi máa ń kán tó-tó-tó, ṣùgbọ́n sírọ́ọ̀pù tó ti jinná á so pọ̀ létí ṣíbí, á wá ṣàn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ fẹ́lẹ́. Àwọn tó ń ṣe é tà ń lo hydrometer, gíláàsì kan tó ń léfòó nínú sírọ́ọ̀pù tó sì ń fi bó ṣe ki tó hàn. Kò wọ́n, mo sì rò pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lọ́dún kejì yẹ kó ní ọ̀kan.

Kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu tó báyìí? Bó bá ṣàn jù, á kan tàbí á bu nínú ìgò. Bó bá ki jù, ṣúgà á dì sí ìsàlẹ̀ ìgò bí òkúta wẹ́wẹ́. Méjèèjì ló ní àtúnṣe: èyí tó ṣàn, ẹ dá a padà sórí iná, èyí tó ki, ẹ fi oje tàbí omi gbígbóná díẹ̀ là á, kí ẹ tún gbé e hó. Èyí tó jóná nìkan ni kò ní àtúnṣe.

Sísẹ́ àti rírọ sínú ìgò

Bí oje ṣe ń ki, àwọn ohun ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, calcium ní pàtàkì, máa ń ya jáde bí iyanrìn kúnná. Kì í pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ó ń rin eyín, ó sì ń mú sírọ́ọ̀pù dà bí omi tí a rú. Ẹ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná gan-an. Tó bá tutù, kò ní kọjá. Aṣọ asẹ́ onírun tó nípọn ló dára jù, kí ẹ tẹ́ bébà asẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná rin aṣọ náà, kí ẹ fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fa sírọ́ọ̀pù yín mu. Ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn fọ aṣọ yìí láé. Ẹni tí kò bá ní aṣọ asẹ́ lè gbé sírọ́ọ̀pù náà kalẹ̀ nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kó rọra da òkè rẹ̀ tó mọ́ sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e padà sórí iná dé nǹkan bí 85°C. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 88, nítorí iyanrìn tuntun á tún yọ. Ìgò gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì ti lọ́wọ́ọ́rọ́ kó má bàa sán. Ẹ rọ ọ́ kún dé ọrùn, ẹ dé e pa, kí ẹ gbé ìgò náà dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí sírọ́ọ̀pù gbígbóná lè pa kòkòrò tó wà lára ìdérí. Ìgò tí a kò ṣí á pẹ́ níbi tó tutù tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá ti ṣí i, fíríìjì ni ilé rẹ̀. Ó tún ṣeé fi sí fírísà, kò ní dì gan-gan. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

Ẹ máa rí i pé ti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà oje máa ń mọ́lẹ̀, ti ìparí sì máa ń dúdú. Bí ojú ọjọ́ ṣe ń móoru, kòkòrò àìfojúrí ń pọ̀ sí i nínú oje, wọ́n ń fọ́ ṣúgà rẹ̀ sí irú ṣúgà mìíràn tó ń tètè dúdú lórí iná. Ìjọba Amẹ́ríkà ń pe ìpele mẹ́rin rẹ̀, láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé èyí tó dúdú jù, ní Golden, Amber, Dark àti Very Dark láti 2015. Vermont ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2014. Àwọn àlejò máa ń yìn èyí tó mọ́lẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tó dúdú: ó lágbára débi pé ẹ máa mọ̀ ọ́n nínú ògì gbígbóná, nígbà tí Golden á kàn sọnù síbẹ̀. Lórí dùndún iṣu náà ó dára, ẹni tí kò bá gbà, kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àwọn ará Vermont ní tiwọn máa ń sè é kọjá sírọ́ọ̀pù dé nǹkan bí 112°C, wọ́n á dà á sórí yìnyín mímọ́, á dì bíi gọ́ọ̀mù, wọ́n á sì fi máa jẹ dónọ́ọ̀tì àti kùkúḿbà kíkan. Kùkúḿbà yẹn kì í ṣe àwàdà. Òun ló ń jẹ́ kí ẹnu lè gbà sí i.

Nígbà tó bá tó láti dáwọ́ dúró

Ẹ máa wo ìrudi. Bí wọ́n bá ti ń wú lórí ẹ̀ka, adùn oje á yí padà, sírọ́ọ̀pù rẹ̀ á sì ní ìtọ́wò burúkú tí sísè kankan kò lè mú kúrò. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tún ń fi igbe ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké inú àbàtà mọ̀ ọ́n. Tí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá dé, ẹ yọ gbogbo spile. Ẹ má ki nǹkankan bọ inú ihò náà, igi tó lára dá á pa á dé fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí mẹ́ta. Lọ́dún tó ń bọ̀, ibi tuntun lẹ máa lu.

Ẹ fi omi gbígbóná púpọ̀ fọ korobá àti spile láìfi ọṣẹ sí i, nítorí ọṣẹ tó bá kù lára wọn á jáde nínú oje ọdún tó ń bọ̀. Àwo ìsè á ti ní èèpá funfun líle ní ìsàlẹ̀, iyanrìn calcium yẹn ni. Ẹ má fi irin họ ọ́. Ẹ da fínígà àti omi sí i, kó sùn bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, á ṣí kúrò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi ṣan án dáadáa, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ níbi tí eku kò ní dé.